Àtíbàbà Ọkọ̀ ní Àbújá: Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Òrùlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àtíbàbà ọkọ̀ tí kò dára, kó dúró di ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀, kó wá rìn gba Kubwa, Lugbe tàbí Mararaba kọjá. Yóò rí tapólì tó há sórí wáyà iná, yóò rí páànù tó ká bí ewé gbígbẹ, yóò rí òpó irin tó fà tu láti ilẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n á máa bú òjò. Òjò kọ́ ló ṣe é, afẹ́fẹ́ tó ṣáájú òjò ni. Òkè Ọya là ń gbé, Ọya ló sì ni ìjì. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ohun tí mo ti rí kọ́ nìyí: oòrùn ló ń lé wa wá ìbòji níhìn-ín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ìbòji tí yóò pẹ́. Àwa a máa náwó sórí òrùlé, a ó wá fi ṣẹ́ńjì tó kù ṣe ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹun nínú owó náà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń sá fún ná. Láti ìparí oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán ní Àbújá a máa tó dígírì 37, 38. Ní Kano, Sokoto àti Maiduguri a máa kọjá 40. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, inú rẹ̀ á kọjá 45, dáṣíbọọ̀dù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Ìdí nìyẹn tí dáṣíbọọ̀dù fi ń sán, tí rọ́bà wáípà fi ń gan, tí iná iwájú fi ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Òkè ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀dà ti ń kọ́kọ́ bó torí àwọn ló kọjú sí ọ̀run. Bátìrì náà, ooru ló ń tètè pa á ju òtútù lọ. Ìbòji á dín gbogbo èyí kù gidigidi, ṣùgbọ́n kì í sọ inú ọkọ̀ di fìríìjì: ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní títì nítorí pé abẹ́ àtíbàbà ló wà.

Abẹ́ igi ni ìbòji ọ̀fẹ́, n kò sì kórìíra rẹ̀. Dóńgóyárò dára fún oṣù kẹta àti ìkẹrin torí ewé rẹ̀ kì í tán lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Máńgòrò ni kí ẹ yẹra fún láti oṣù kẹta lọ; èso rẹ̀ tó já láti òkè a máa tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọnú, omi ara rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ìgbẹ́ ẹyẹ, tí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, a máa jẹ ọ̀dà títí dé inú: omi ni kí ẹ fi rin ín kí ó rọ̀, ẹ má fi èékánná ha á. Bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ igi èyíkéyìí.

Aṣọ ìbora tí wọ́n ń rán fún ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà, torí kò gba òpó, kò gba wẹ́dà. Fún ọkọ̀ tó fẹ́ dúró pẹ́ lábẹ́ òrùlé, ó dára. Fún ọkọ̀ tí a ń gbé jáde lójoojúmọ́, tó ń sùn síta nígbà ọyẹ́, n kò fọwọ́ sí i. Eruku ni ìdí rẹ̀. Eruku tó ń bà lé wa láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, láti aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀, pàápàá apá Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀, ṣùgbọ́n yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Ẹ wá da aṣọ bò ó, afẹ́fẹ́ á máa fa aṣọ náà síwá sẹ́yìn láti alẹ́ mọ́júmọ́. Sáńpépà lẹ fi ń ha ọkọ̀ yín yẹn. Ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n ti ń da aṣọ bò níta fún ọdún méjì: etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ àti igun búùtù ni ọ̀dà ti kọ́kọ́ ń pàdánù dídán rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń fún mọ́ ọn jù.

Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ náà lẹ ní ṣá, ẹ máa lò ó báyìí. Ẹ da omi púpọ̀ sára ọkọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nu eruku. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ, kí ẹ́ńjìnì àti salẹ́ńsà sì tutù, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Salẹ́ńsà gbígbóná á yọ́ aṣọ náà mọ́ ara. Ẹ ra èyí tó bá ọkọ̀ yín mu gan-an, torí èyí tó tóbi jù ló ń lu ọkọ̀ bí àsíá. Kí inú rẹ̀ jẹ́ òwú tó múlọ́, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí èémí lè gbà jáde: èyí tó jẹ́ kìkì ọ̀rá a máa sé ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ nígbà òjò, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i lẹ ó rí funfun-funfun lára rọ́bà ilẹ̀kùn. Kí okùn meji gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn táyà iwájú, ọ̀kan níwájú táyà ẹ̀yìn.

Bí a ṣe ń ká a ló ṣe pàtàkì jù, òun ni a kì í sì í kọ́ ara wa. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún aṣọ náà lé òkè ọkọ̀, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ òsì lé e. Ojú tó ní eruku ti kọjú sí ojú tó ní eruku báyìí, inú tó mọ́ ló wà lókè. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí yí i láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú bí ẹni ń ká ẹní. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ bò ó, ẹ gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú u padà sẹ́yìn. Eruku kò ní kan ọ̀dà rárá. Ẹni tó bá fà á lulẹ̀ tó wó o lórí ilẹ̀ ti kó yanrìn sínú rẹ̀, ìyẹn sàn kó má bo ọkọ̀ mọ́.

Tapólì tí a dà sórí ọkọ̀ ní tààrà ló burú jù nínú gbogbo wọn. Oòrùn á gbóná lé ọ̀rá, ọ̀rá á gbóná lé ọ̀dà, ọ̀rinrin á há sí àárín wọn. Láàárín oṣù mélòó kan, òkè ọkọ̀ á ní àpá bí ara ẹni tí làpálàpá mú, kò sì sí pọ́líìṣì tí yóò kó o tán. Tapólì, òkè òpó ni ipò rẹ̀.

Lókè òpó náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tó ṣe é. Àwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà káàkiri, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kan ti tó fún un: á máa já sí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́, ẹ ó máa gbá a lẹ́sẹ̀ ilé. Èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà, tó nípọn, tó ní òwú nínú, ló lè fara dà á fún ọdún díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni tapólì ń gbà bàjẹ́. Èkíní ni omi. Bí ó bá rọ̀ láàárín, omi á gbá jọ síbẹ̀, á túbọ̀ rọ̀, omi mìíràn á sì tún wá. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, lórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, kílò 100 gbáko ni. Bí ẹni pé àgbàlagbà kan sùn sórí tapólì yín. Nítorí náà, kí ó dagun dáadáa: bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mítà 3, kí apá kan fi sẹ̀ǹtímítà 80 ga ju èkejì lọ, ó kéré tán.

Èkejì ni ihò etí rẹ̀, tí wọ́n fi irin róbótó sí. Bí afẹ́fẹ́ bá já tapólì gbà lẹ́ẹ̀kan, irin yẹn ló ń kọ́kọ́ fò. N kì í gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ mú òkúta róbótó tó ń dán, tó tóbi tó ẹyin adìyẹ, ẹ fi sí abẹ́ tapólì níbi tí ẹ fẹ́ so, ẹ káwọ́ tapólì mọ́ ọn lára, kí ẹ wá fi okùn so ọrùn rẹ̀ pinpin bí ẹni so àpò gààrí. Okùn kò lè yọ, tapólì kò sì ní ihò tí yóò ti máa ya. Láàárín okùn àti òpó, ẹ fi òrùka rọ́bà sí: tíúbù táyà ògbólógbòó ni kí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 4, 4. Nígbà tí ìjì bá fà á, rọ́bà á nà, á padà. Ohun tí kò bá lè nà ló ń já. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ẹ ó ti rí tíúbù náà, owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Nẹ́ẹ̀tì ìbòji tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo ibi ìtọ́jú irúgbìn ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó páànù. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò bá òpó jà. Ooru náà ń gba inú rẹ̀ gòkè lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i, 50, 70, 80, 90, ni ìdá oòrùn tó ń dá dúró nínú 100. Ẹ ra 80 tàbí 90. Ẹ bi olùtajà bóyá wọ́n ṣe é fún oòrùn, torí èyí tí wọn kò ṣe fún un a máa gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Kò ní dá òjò dúró, kò sì ní dá eruku dúró. Ṣùgbọ́n á gba ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ẹyẹ, á sì gba agbára lọ́wọ́ yìnyín kí ó tó balẹ̀.

Ẹ ká etí nẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́ okùn tó nípọn tó mílímítà 6, kí télọ̀ tó ń rán báàgì rán an yípo. Okùn yẹn ni ẹ ó so mọ́ irin, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ìdè kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30. Tí ó bá jẹ́ ìdè ọ̀rá oníléyín ni ẹ fẹ́ lò, ẹ ra dúdú. Funfun a máa ṣẹ́ kẹ́kẹ́ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, torí kò ní ẹ̀dú nínú tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Kí ẹ fà á kó le bí awọ ìlù. Nẹ́ẹ̀tì tó ń fì ló ń ya.

Ó wá ku àtíbàbà gidi, ti irin àti páànù. Ẹ wọn ọkọ̀ yín kí ẹ tó wọn ilẹ̀. Corolla gùn díẹ̀ ju mítà mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, Camry tó bíi 4.8, Sienna tó bíi 5.1, ó sì fẹ̀ ní bíi mítà 2. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 50 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀kùn lè ṣí kí ìyá àgbà sì lè bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Mítà 3 níbùú, mítà 6 lóròó, ó ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ń gùn.

Ibi tó yẹ kí ó kọjú sí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Ìjì tó ń ṣáájú òjò níhìn-ín, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá. Ẹ wo ibi tí òjò ti ń ṣú ní oṣù kẹrin tàbí ìkẹsàn-án. Oòrùn tó ń jó ọkọ̀ jù ní tirẹ̀, láti ìwọ̀-oòrùn ló ń wọlé, láti aago méjì sí aago márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí apá tó rẹlẹ̀ nínú òrùlé kọjú sí ìlà-oòrùn: ìjì á lù ú lórí, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá tó ga ló kọjú síbẹ̀, ẹnu lẹ ya sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ yẹn, á wọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wá máa wọlé lábẹ́ apá gíga ní ìwọ̀-oòrùn, òótọ́ ni. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì kọ́ síbẹ̀ bí aṣọ ojú fèrèsé, tí ẹ lè ká sókè nígbà tí òjò bá ń ṣú. Bí ilẹ̀ yín kò bá gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnu gíga kọjú sí ìlà-oòrùn.

Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní kìlómítà 72 ní wákàtí kan, èyí tí ìjì àkọ́rọ̀ lè dé, ń ti ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó pẹ̀lú agbára bíi kílò 25. Òrùlé tó jẹ́ mítà 3.6 sí 6 (mítà 3 náà, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 30 tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì) fẹ̀ ju 21 irú rẹ̀ lọ. Agbára tó lè gbé e sókè ti ju kílò 500 lọ nìyẹn. Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn ní mílímítà 0.45 tí yóò bo gbogbo rẹ̀ kò wọn ju nǹkan bíi kílò 35. Ìwúwo òrùlé kọ́ ni yóò mú un dúró o. Bí eré afẹ́fẹ́ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ti àtíbàbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ń rí.

Nítorí náà, ihò mẹ́fà, ọ̀kan fún òpó kọ̀ọ̀kan; kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40, ó jìn ní 60. Kọnkéré tó kún irú ihò bẹ́ẹ̀ tó kílò 230; mẹ́fà rẹ̀ á di nǹkan bíi 1,380, ìjì lè wá. Báàgì sìmẹ́ǹtì kan, wílíbárò yanrìn kan, wílíbárò gíráńáìtì méjì ni ìpò tó dára. Fún ihò mẹ́fà, ẹ ra báàgì mẹ́rin. Omi díẹ̀ ni kí wọ́n fi pò ó. Àwọn tó ń pò ó fẹ́ràn omi púpọ̀ torí ó ń rọrùn láti fi ṣọ́bìrì gbé, ṣùgbọ́n kọnkéré tó ṣàn bí ògì kò ní le.

Irin onígun mẹ́rin, íǹṣì 2 sí 2, tó nípọn ní mílímítà 2, ni kí ẹ rà. Yálà Dei-Dei ni ẹ ti rà á tàbí Panteka ní Kaduna, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lórí nípọn rẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Irin mítà 6 tó jẹ́ 2 mílímítà lóòótọ́ á tó kílò 18. Èyí tó jẹ́ 1.5 kò ní tó 14. Èyí tó jẹ́ 1 kò ní ju 9 lọ púpọ̀. Ọ̀dà òde lè jọra wọn, kílò kò lè purọ́.

Bí ẹ ṣe máa gé e nìyí, kò sì sí èyí tó máa ṣòfò. Ẹ gé irin mítà 6 kan sí 2.8 àti 3.2. Sẹ̀ǹtímítà 60 nínú kọ̀ọ̀kan á wọ ilẹ̀. Ó ku 2.2 fún apá tó rẹlẹ̀, 2.6 fún apá tó ga. Irin mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ti di òpó mẹ́fà, mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mítà 3 láàárín ara wọn. Ẹ má fi òpó mẹ́rin ṣe é kí ẹ lè fi owó pamọ́, torí irin tó na mítà 6 láìní òpó láàárín á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Irin méjì odindi á sùn lórí àwọn òpó náà ní gígùn. Irin mẹ́ta á dábùú wọn. Ẹ gé mítà 3.6 nínú kọ̀ọ̀kan, kí ó lè yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tó kù lára kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.4, ẹ gé e sí 60, 60. Méjìlá ni yóò jẹ́, méjì fún òpó kọ̀ọ̀kan: ẹ jó wọn ní dídagun sí igun òpó àti irin òkè, ọ̀kan ní gígùn, ọ̀kan ní ìbú. Wẹ́dà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá òmíràn. Láìsí wọn, ìjì á máa mì àtíbàbà náà bí eyín ọmọ ọdún méje títí ibi tí wọ́n jó yóò fi sán.

Kí wọ́n tó ri òpó mọ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jó ọ̀pá irin mílímítà 12 tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25 mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdábùú, kí òpó má baà fà yọ nínú kọnkéré bí iṣu tó jinná. Ẹ dí orí òpó náà, kí omi má baà wọnú rẹ̀. Kọnkéré kò gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀: kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 yọ, kí orí rẹ̀ dagun yípo bí òkè kékeré. Ibi tí irin ti wọ ilẹ̀ ni dípẹtà ti ń jẹ ẹ́, bí omi bá ń dúró síbẹ̀. Ọ̀dà pupa tó ń dènà dípẹtà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó fi ọ̀dà tó wù yín lé e, kí ẹ sì padà sí ibi tí wọ́n jó, torí iná ti jẹ ọ̀dà ibẹ̀. Ẹ máa bomi rin kọnkéré fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gbé òrùlé lé e kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún, íǹṣì 1 sí 2, ni páànù yóò sùn lé, sẹ̀ǹtímítà 90 láàárín ara wọn. Alumíníọ̀mù aláìlásopọ̀ tí wọ́n gé ní mítà 3.6 sàn ju páànù kéékèèké lọ, torí ibi àsopọ̀ ni òjò ti ń wọlé nígbà tí òrùlé kò bá dagun púpọ̀. Síkúrù tó ní rọ́bà lọ́rùn ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó. Afẹ́fẹ́ á fa ìṣó yọ díẹ̀díẹ̀. Kí síkúrù wọ orí ìgbì páànù, má jẹ̀ẹ́ kó wọ àfonífojì rẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Létí òrùlé yípo, ọ̀kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30. Láàárín, 60 ti tó. Etí ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé apá kan òrùlé lé ògiri ọgbà kí wọ́n má baà ra òpó. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 tí a tò dènà olè kò mọ bí a ti ń di òrùlé mú. Bí afẹ́fẹ́ bá fà á, ìlà kan nínú ògiri á là láti òkè. Kí òpó tẹ̀yin dúró ní ti ara rẹ̀. Bí apá tó rẹlẹ̀ bá sì dà sí ọgbà aládùúgbò, ẹjọ́ ti dé: òjò mílímítà 20 lórí òrùlé yìí jẹ́ omi tó ju lítà 400 lọ. Ẹ fi gọ́tà sí i, kí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Omi ìfọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Íńtálọ́ọ̀kì kò ní agbára kankan. Ẹni tó bá de òpó mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú bóòtù, orí òkúta tó kàn jókòó lórí yanrìn ló dè é mọ́. Ẹ tú u, ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ tò ó padà. Bí ẹ bá kan àpáta kí ihò tó jìn, èyí tó wọ́pọ̀ ní Àbújá, ẹ lu àpáta náà kí ọ̀pá irin wọ inú rẹ̀ kí kọnkéré tó bò ó. Kí ẹ sì mọ ibi tí sókáwéè àti páìpù omi wà kí dígà tó kan ilẹ̀.

Ayálégbé ńkọ́, tí onílé kò gbà kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀? Ike ọ̀dà lítà 20 tí a rọ kọnkéré kún, tí a ri òpó sáàárín rẹ̀, kò wọn ju bíi kílò 48. Mẹ́rin rẹ̀ kò tó 200, ẹ sì ti rí kílò tí ìjì ń gbé. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ni irú ẹsẹ̀ yìí lè rù. Ẹ má gbé páànù tàbí tapólì lé e láé. Táyà ògbólógbòó tí a rọ kọnkéré kún wúwo jù ú lọ, ó sì ṣeé yí kiri nígbà tí ẹ bá ń kó lọ. Kánópì òde àríyá tí àwọn kan ń rà ní àlòkù, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ lásán ni. Fún ọjọ́ kan ni wọ́n ṣe é.

Zana, ẹní tí àwọn Hausa ń hun pẹ̀lú koríko, dára fún ìbòji, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ iná kékeré kan ti tó fún un, n kò ní gbé ọkọ̀ tó ní epo nínú sábẹ́ rẹ̀. Igi àti ọparun, ikán ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí a ti lò kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kó sì gbé e lé irin tó yọ nínú kọnkéré, kí igi má fojú kan ilẹ̀ rárá.

Ẹ má kọ́ ọ sábẹ́ wáyà iná, ẹ má sì jẹ́ kó yọ sí ojú títì tàbí orí gọ́tà. Development Control ló ń bójú tó ohun tí a ń kọ́ ní Àbújá, bí ẹ bá sì wà nínú ẹ̀sìtéètì, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ohun kan wà nígbà ọyẹ́ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ní oṣù kejìlá, oòrùn kì í wà lókè orí wa lọ́sàn-án, ó máa ń rọ̀ sí gúúsù. Òjìji òrùlé á wá sún sí àríwá. Ẹ ó rò pé ọkọ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà, oòrùn á sì máa jó ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, ẹ ti ọkọ̀ sí apá àríwá ní nǹkan bí mítà kan. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kejì, ẹ tì í padà sáàárín, kí ẹ sì gun àkàbà lọ wo síkúrù kọ̀ọ̀kan: èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó ń yí pẹ̀lú ọwọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó nípọn jù ú lọ sí ihò kan náà.